Kigali Kò Ní Etí Òkun: Ohun Tí Òwò Rùwáńdà Kọ́ Mi

Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ní Rùwáńdà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èèyàn ti ń ṣe é, lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní RDB, wọ́n sì ní kò ju wákàtí mẹ́fà lọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwa tí a ti Nàìjíríà dé, tí a mọ ohun tí ojú ń rí kí fáìlì tó kúrò lórí tábìlì kan bọ́ sórí òmíràn, ìrọ̀rùn yìí gan-an ló máa ń kọ́kọ́ tàn wá jẹ. A ó rò pé bí ẹnu ọ̀nà ṣe rọrùn yìí náà ni ìyókù á ṣe rí. Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé inú ọ́fíìsì kọ́ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò níbẹ̀. Ojú títì láti etí òkun dé Kigali ló ti ń bọ́, àti inú kàlẹ́ńdà owó orí tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ náà kò tó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní fífẹ̀: 26,338 kìlómítà níbùú lóròó. Ìkànìyàn ọdún 2022 ka èèyàn mílíọ̀nù 13.2. Ùgáńdà wà lókè rẹ̀, Tànsáníà wà ní ìlà-oòrùn, Bùrúńdì wà nísàlẹ̀, Kóńgò wà ní ìwọ̀-oòrùn. Òkun kò sí, reluwé kò sí. Ọjà tó bá ti òkèèrè bọ̀ yóò gúnlẹ̀ sí Dar es Salaam ní Tànsáníà tàbí Mombasa ní Kẹ́ńyà, tírélà yóò wá gbé e. Dar es Salaam ló sún mọ́ Kigali jù, nǹkan bíi 1,450 kìlómítà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹrù ń gbà. Ti Mombasa ń lọ sí 1,700. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ará Nìjẹ́ẹ̀ ṣe fi Kútọnu ṣe etí òkun tiwọn, tó sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnubodè yẹn tì ní 2023, kò ní nílò àlàyé púpọ̀.

Jíjìn nìkan kọ́ ló ń mú owó ọkọ̀ wọ́n. Tírélà gbé irin, ìrẹsì, òróró àti táìlì wá sí Kigali. Kí ni yóò gbé padà? Kọfí, tíì àti àwọn òkúta inú ilẹ̀ bíi coltan ló ń jáde, ìwọ̀n wọn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń wọlé. Ọ̀pọ̀ tírélà ló ń padà lófìfo, ẹni tó gbé ẹrù wọlé ló ń sanwó àlọ àti àbọ̀. Nítorí èyí, ẹni tó bá ní ohun kan láti kó jáde, ì báà má pọ̀, ti ní ohun tó lè fi bá onítírélà dúnàádúrà, torí owó àbọ̀ máa ń fi púpọ̀ dín sí ti àlọ. Èmi máa ń béèrè iye lọ́wọ́ onítírélà mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, mo sì máa ń ní kí wọ́n sọ ti àlọ àti ti àbọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá dá iye kan ṣoṣo fún yín ti fi àbọ̀ sínú àlọ.

Ìwé ẹrù ojú omi, tí gbogbo oníṣòwò ń pè ní BL, ni ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí wọ́n bá kọ Dar es Salaam nìkan síbi tí ẹrù ń lọ, àwọn aṣọ́bodè Tànsáníà á gbà pé ọjà ìlú wọn ni. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ni "in transit to Kigali, Rwanda". Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún un ṣe lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹrù bá sì fi jókòó ní èbúté ló ní owó tirẹ̀. Orúkọ tó wà nínú BL gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí TIN, ìyẹn nọ́ńbà owó orí yín, mu ní lẹ́tà sí lẹ́tà; "Ltd" tó bọ́ lẹ́yìn orúkọ ti tó láti dá ẹrù dúró. Iye páálí, ìwọ̀n kìlò àti orúkọ ọjà gbọ́dọ̀ bára mu nínú ínfóísì, nínú ìwé àkójọ ẹrù àti nínú BL. Ẹni tó kọ "oríṣiríṣi ọjà" sínú ìwé ti fúnra rẹ̀ pe aṣọ́bodè wá tú kọ̀ńténà rẹ̀.

Ẹ tún wo adójútòfò dáadáa. Ẹni tó ta ọjà fún yín lè ní òun ti san owó ọkọ̀ àti ti adójútòfò dé Dar es Salaam, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí orúkọ Kigali nínú ìwé adójútòfò yẹn, 1,450 kìlómítà tó kù, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni tírélà ti ń dojú dé, wà lọ́rùn yín.

Kọ̀ńténà wá ni ọ̀rọ̀ tó ń jẹ owó jù lójú tèmi. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ni ín, wọ́n sì fẹ́ kó padà sí èbúté lófìfo láàárín iye ọjọ́ tó wà nínú àdéhùn. Ẹ ka ohun tó wà nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn: kí ẹrù jáde ní èbúté, kí a rí tírélà, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bí nǹkan bá lọ déédéé, àyẹ̀wò ní Kigali, kí a já ẹrù, lẹ́yìn náà ìrìn àbọ̀. Ọjọ́ kan tó bá lé, dẹ́mọ́réèjì, ìyẹn owó ìdádúró kọ̀ńténà, ti bẹ̀rẹ̀, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà á. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkínní, kí ẹ béèrè àfikún ọjọ́ ọ̀fẹ́ kí ẹ tó gba ààyè nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn tí ẹrù bá ti wà lójú omi, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Èkejì, kí ẹ tú kọ̀ńténà ní Dar es Salaam, kí ẹ kó ẹrù sínú tírélà lásán, kí kọ̀ńténà má kúrò níbẹ̀ rárá. Èyí dára fún ìrẹsì, táyà àti irin. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú gíláàsì tàbí tẹlifíṣọ̀n, torí ìkósókè-kósílẹ̀ ń fọ́ ọjà, ọjà sì ń dín kù lọ́nà tí kò sẹ́ni tó máa ń mọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹ ra kọ̀ńténà náà fúnra yín láti ibi tí ọjà ti ń bọ̀. Bó bá dé Kigali, ẹni tó máa fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìkẹ́rù kì í wọ́n.

Àwọn orílẹ̀-èdè EAC, ẹgbẹ́ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tí Rùwáńdà wọ̀ ní 2007, fi tọ́ọ̀nù 56 ṣe òpin fún tírélà àti ẹrù orí rẹ̀ lápapọ̀. Àpapọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò lórí òṣùwọ̀n o. Wọ́n ń wo ohun tí ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan gbé. Ẹni tó kó gbogbo irin síwájú, tó wá fi ìkòkò ike sẹ́yìn, lè má tó tọ́ọ̀nù 56 rárá kí wọ́n sì dá a dúró. Iṣẹ́ ẹni tó ń di ẹrù ní Ṣáínà tàbí Dubai ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sanwó ìtanràn. Ohun mìíràn tó máa ń ya àlejò lẹ́nu: ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Tànsáníà, Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà, ọwọ́ ọ̀tún ni ti Rùwáńdà bíi tiwa, nítorí náà ẹnubodè ni gbogbo awakọ̀ ti ń pààrọ̀ ọwọ́; Rusumo ni fún ẹni tó bá gba Tànsáníà wá.

Láti 2014 ni EAC ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò tó sọ gbogbo wọn di ilẹ̀ aṣọ́bodè kan ṣoṣo. Ohun tó túmọ̀ sí fún yín ni pé ajẹ́ńtì yín á kéde ọjà fún RRA, àwọn agbowó-orí Rùwáńdà, nígbà tí ẹrù ṣì wà ní èbúté Tànsáníà. Ẹ lè san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, kí tírélà tara ṣàṣà bọ̀. Ẹ sì lè ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rù tó wà lábẹ́ àṣẹ aṣọ́bodè ní Kigali, kí ẹ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa san owó ibodè lórí èyí tí ẹ bá yọ. Ọ̀nà kejì yìí ń gba ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ sílẹ̀, bí ọjà rẹ̀ bá ń yá. Bí ọjà bá ń falẹ̀, owó ilé ìkẹ́rù á jẹ ohun tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìpele owó ibodè EAC ni 0, 10, 25, àti 35 tí wọ́n fi kún un ní oṣù Keje 2022. Ohun èlò àti ẹ̀rọ iṣẹ́ máa ń wà ní ìpele òdo. Ọjà tó ti parí, tí a kàn máa tà, ìpele 25 ló sábà máa ń wà. Ká ní ọjà yín pẹ̀lú owó ọkọ̀ ojú omi àti adójútòfò jẹ́ 10,000 dọ́là. Owó ibodè jẹ́ 2,500. VAT, owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní wà lórí 10,000. Orí 12,500 ló máa wà, ìyẹn 2,250. Ó ti di 4,750 kí a tó ka àwọn owó kéékèèké mìíràn, kí a sì tó fún onítírélà ní kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá ní quitus fiscal, ìwé tó fi hàn pé kò jẹ gbèsè owó orí, tún máa fi ìdá 5 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀ lórí owó orí èrè rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tuntun kì í sábà ní ìwé yìí, nítorí náà ẹ fi 500 dọ́là yẹn sínú ìṣirò kọ̀ńténà àkọ́kọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń fara pa nìyí: ọjà tí wọ́n bá ṣe ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà tàbí Tànsáníà kì í san owó ibodè bí ìwé ẹ̀rí orírun rẹ̀ bá pé. Ọṣẹ, bísíkíìtì, ìkòkò ike, matírẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀ nítòsí. Ẹ̀yin fẹ́ kó irú rẹ̀ láti Ṣáínà, kí ẹ san 25, kí ẹ wá bá ẹni tó san òdo na ọjà ní Kimironko, ọjà kan ní Kigali. Kí ẹ tó sanwó fún ohunkóhun, ẹ rìn yí ọjà ká, ẹ yí ẹ̀yìn páálí padà, ẹ ka ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ tún wò ó bóyá orí kìlò ni wọ́n ń gba owó ibodè ọjà yẹn. Ní 2016 ni wọ́n gbé ti òkìrìkà láti 0.20 dọ́là lórí kìlò kan lọ sí 2.50, kí àwọn aránṣọ ilé lè rọ́wọ́ mú. Amẹ́ríkà bínú sí i débi pé ó dá àǹfààní AGOA, ètò tó ń jẹ́ kí ọjà Áfíríkà wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè, dúró lórí aṣọ Rùwáńdà ní 2018, síbẹ̀ ìjọba Kigali kò yí ohùn padà. Ẹni tó bá ń gbọ́kàn lé e pé ìjọba yóò sọ òfin di rírọ̀ nítorí ariwo àwọn oníṣòwò, ìlú mìíràn ni kó lọ.

Ká wá sọ ti rìsíìtì. Gbogbo ohun tí ẹ bá tà ló gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì EBM. Ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan. Ní báyìí ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù, ohun tí ẹ bá sì tẹ̀ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ RRA. Láti 2024, ẹni tó ra ọjà fún ìlò ara rẹ̀, tó sì gba rìsíìtì sórí nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ń gba ìdá 10 nínú VAT tó san padà, nítorí náà oníbàárà fúnra rẹ̀ ló máa bi yín léèrè. Ríra ló ń da àlejò láàmú, kì í ṣe títà. Ẹ san 1,180,000 fránkì fún páálí àti ìwé àlẹ̀mọ́, ẹni tó tà á sì ní òun á dín in díẹ̀ bí ẹ kò bá gba rìsíìtì. Bí rìsíìtì EBM tó ní TIN yín lórí bá wà, ẹ ó yọ 180,000 kúrò nínú VAT tí ẹ máa san, 1,000,000 tó kù á sì jẹ́ ìnáwó. Owó orí èrè, tó jẹ́ ìdá 30 tẹ́lẹ̀, ti di ìdá 28, nítorí náà ìnáwó yẹn gba 280,000 sílẹ̀ fún yín. Láìsí rìsíìtì, 460,000 ti lọ. Kò sí ẹ̀dínwó tí ontàjà lè ṣe fún yín tó máa tó ìyẹn.

Ṣé kí ẹ wọ VAT ní ọjọ́ àkọ́kọ́? Òfin kò fi dandan mú yín títí ọjà tí ẹ tà fi kọjá mílíọ̀nù 20 fránkì lọ́dún, tàbí mílíọ̀nù 5 láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń ra ọjà nínú ìlú, tó ń tà á fún alárọ́bọ̀, kò níláti yára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ọjà wọlé ti san VAT ní ẹnubodè. Bí kò bá forúkọ sílẹ̀ fún un, 2,250 dọ́là òkè yẹn kò ní padà, orí owó ọjà ló máa gbé e lé. Hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá náà kì í fẹ́ bá ẹni tí kò lè já VAT fún wọn ṣe.

Ọjọ́ tí TIN yín bá jáde ni agogo bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ọjọ́ 15 oṣù tó tẹ̀lé e ni ìkéde VAT, ọjọ́ kan náà ni ti owó orí òṣìṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí ọjà rẹ̀ lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 200 fránkì lè máa kéde VAT lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ìkéde owó orí èrè ti ọdún tó kọjá kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 oṣù Kẹta lọ, ẹ ó sì tún san àsansílẹ̀ ní òpin oṣù Kẹfà, Kẹsàn-án àti Kejìlá. Ìjọba ìbílẹ̀ ń retí owó ìwé àṣẹ ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ta ohunkóhun, ẹ gbọ́dọ̀ kéde òdo. Àwọn kan forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, wọ́n padà sí Èkó láti wá owó, ọdún méjì lẹ́yìn náà wọ́n dé bá ìtanràn tó ju owó tí wọ́n rí lọ. Ẹ má forúkọ sílẹ̀ títí yóò fi ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjà àkọ́kọ́ gbéra, kí ẹ sì ti gba akọ̀wé ìṣirò owó ṣáájú kí ẹ tó gba ṣọ́ọ̀bù.

Òwò tó ń pawó nílé lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Omi inú ọ̀rá kò ṣeé tà: wọ́n ti fòfin de ọ̀rá láti 2008, wọ́n sì fi àwọn ike ìlò-ẹ̀ẹ̀kan kún un ní 2019. Kódà ọ̀rá tí ẹ fi wé bàtà nínú àpótí, wọ́n lè gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìpara àti ọṣẹ tó ń bóra, àwọn agbófinró ń kó o lórí àtẹ. Oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ Rwanda FDA kọjá. Ẹ gba ìwé yẹn kí ẹ tó kó ọjà, kì í ṣe nígbà tí ó bá ti wà ní Rusumo.

Ní ti ọjà títà, kíkéré ìlú náà jẹ́ ìbùkún àti ìjàǹbá. Kigali sí Rubavu létí adágún Kivu kò ju nǹkan bíi 155 kìlómítà lọ, Kigali sí Huye kò tó bẹ́ẹ̀; ọkọ̀ kan lè pín ọjà kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má kàn fi kìlómítà Nàìjíríà ṣírò wákàtí. Òkè ni gbogbo rẹ̀, ọ̀nà ń lọ́ bí ejò, ọkọ̀ akẹ́rù ní ohun èlò tí kì í jẹ́ kó sáré ju 60 lọ, àwọn kámẹ́rà ojú títì tí wọ́n fún ní orúkọ "Sophia" kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ìjàǹbá ibẹ̀ ni pé ọjà tètè máa ń kún. Kọ̀ńténà méjì irú ọjà kan náà tó wọlé lọ́sẹ̀ kan lè fa iye rẹ̀ wálẹ̀ jákèjádò ìlú, nígbà tí Èkó kò ní mọ̀ pé nǹkan kan dé. Èmi máa ń kó oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ nínú kọ̀ńténà kan.

Àwọn èèyàn ń ra nǹkan ní ìwọ̀n kékeré, fóònù ni wọ́n sì ń fi sanwó, láti orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé orí owó ilé. Àwìn wà, pàápàá lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù ńláńlá tó ń fẹ́ ọjọ́ 30 tàbí 60. Ẹ mọ̀ pé nínú èdè Kinyarwanda, "ejo" ni àná, "ejo" náà sì ni ọ̀la. Bí oníbàárà bá ní òun á sanwó "ejo", ẹ jẹ́ kó kọ déètì sílẹ̀.

Àwìn yẹn léwu torí dọ́là. Fránkì Rùwáńdà pàdánù nǹkan bí ìdá 18 sí dọ́là ní 2023. Ẹni tó mọ ohun tí náírà fojú rí lọ́dún kan náà lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyẹn ni àṣìṣe: torí pé kò já lulẹ̀ lójijì, a kì í fura. Ẹ ra ọjà ní dọ́là, ọjọ́ 45 lórí omi, ọjọ́ 15 lórí ilẹ̀ àti ní èbúté, oṣù méjì lórí àtẹ, oṣù méjì ní àwìn. Oṣù mẹ́fà ti lọ. Bí èrè yín bá jẹ́ ìdá 15, fránkì nìkan ti lè jẹ ìdajì rẹ̀. Bí owó báǹkì bá tún wà níbẹ̀, èlé ń sún mọ́ ìdá 16 lọ́dún, ilẹ̀ tàbí ilé ni wọ́n sì ń gbà ṣe ìdúró. Ẹ má rò pé ẹ ó fi dọ́là dá iye lé ọjà láti bọ́: fránkì ni òfin ní kí a fi ná ọjà nínú ìlú. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ yí fránkì padà sí dọ́là lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bó ṣe ń wọlé, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ọjà mìíràn.

Ẹnubodè lè tì láìròtẹ́lẹ̀. Gatuna, ọ̀nà tó lọ sí Ùgáńdà, tì ní òpin oṣù Kejì 2019, kò sì ṣí títí di ọjọ́ 31 oṣù Kíní 2022. Bùrúńdì ti tiẹ̀ ní oṣù Kíní 2024. Ní òpin oṣù Kíní 2025 ni ogun dé Goma, ìlú Kóńgò tó bá Rubavu pààlà, báǹkì ibẹ̀ tì, àwọn tó ń fi Rubavu ṣe ibùdó ọjà Kóńgò sì rí i pé oníbàárà wà, owó ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Ìlànà tèmi ni pé ohun tí mo ń tà kọjá ẹnubodè kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, mi ò sì ń fún ẹni tó wà lódìkejì ẹnubodè ní àwìn.

Kọfí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé kí èèyàn ní ohun tí yóò kó jáde. Oṣù Kẹta sí oṣù Keje ni ìkórè. Èso pupa bíi kìlò mẹ́fà sí méje ló ń di kìlò kan ẹ̀wà kọfí tútù. Kọ̀ńténà kékeré kan ń gba àpò 320 tó jẹ́ kìlò 60, ìyẹn tọ́ọ̀nù 19.2. Ẹ ṣírò rẹ̀: èso tó lé ní tọ́ọ̀nù 115 ni ẹ máa fi owó ọwọ́ rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, owó yín kò sì ní padà títí ẹni tó wà ní òkèèrè yóò fi gba ẹrù rẹ̀. Àbùkù kan tún wà tí wọ́n ń pè ní "potato taste": ẹ̀wà kan ṣoṣo tó bá ní in á mú kí odindi ife máa rùn bí ọ̀dùnkún tútù. Kòkòrò antestia tó ń gún èso lára ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ lóko, nípa gígé ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí a sì máa ṣa kòkòrò. Ní ibùdó ìfọ̀, a máa ń da èso sínú omi kí èyí tó fúyẹ́ lè léfòó, kí ọwọ́ tó ṣà á lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, ojú kì í rí gbogbo rẹ̀. Ẹ tọ́ ife púpọ̀ wò nínú àpò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kì í ṣe ife kan.

Òṣìṣẹ́ kò le, bí ìwé àdéhùn bá wà. Ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 18 ni ẹ̀tọ́ wọn lọ́dún. Owó ìfẹ̀yìntì ti lọ sókè ní oṣù Kíní 2025: ìdá 3 tí ẹ ń san ti di ìdá 6, ìdá 3 ti òṣìṣẹ́ náà ti di ìdá 6. Ẹ má fi ọjà pípín sí àárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Umuganda ni, iṣẹ́ ìlú, láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á tì. Ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin jẹ́ ti ìrántí àwọn tí wọ́n pa ní 1994. Ẹ má polówó ọjà pẹ̀lú orin nígbà yẹn, ẹ má sì ṣe ayẹyẹ ìṣílé-ìtajà.

Ẹni tó bá fẹ́ kógbá wọlé, kó má kàn ti ilẹ̀kùn kó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ kéde gbogbo owó orí dé ọjọ́ tí ẹ ta ọjà kẹ́yìn, ẹ sọ fún RRA pé kí wọ́n ti EBM àti VAT, ẹ yọ orúkọ òṣìṣẹ́ kúrò, lẹ́yìn náà ẹ béèrè pé kí wọ́n ti TIN fúnra rẹ̀. Wọ́n lè wá yẹ ìwé wò, nítorí náà ẹ má tíì da rìsíìtì nù, ẹ má sì tíì kó owó báǹkì tán. Ìgbà tí RRA bá fọwọ́ sí i pé ẹ kò jẹ gbèsè ni kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ RDB láti pa orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ́. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà.